Ẹ Bi Físíò: gìgísẹ̀ tó ń dunni láàárọ̀, ẹsẹ̀ tó rọ́ lórí pápá, àti ọmọ tuntun tí ẹsẹ̀ ẹ̀ yí sínú

Ẹ kú ojúlọ́nà o, ẹ̀yin èèyàn wa. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ gan-an, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ló sì pọ̀ jù níbẹ̀, mo wá sọ pé kí n kúkú kó gbogbo ẹ̀ sójú kan kí n dá wọn lóhùn pọ̀. Iṣẹ́ físíò (physiotherapy, ìyẹn fífi ọwọ́ àti eré ìdárayá tọ́jú eegun àti iṣan tó ń dunni) ni mò ń ṣe níbí ní Òṣogbo, ẹsẹ̀ ni mo sì ń rí jù lójoojúmọ́. Ohun tó máa ń dùn mí ni pé kí èèyàn tó dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n á ti fa ẹsẹ̀ yẹn, wọ́n á ti tẹ̀ ẹ́, wọ́n á ti fi omi gbígbóná jó o, láì tíì sí ẹnì kan tó bèèrè pé kí ló wà nínú ẹsẹ̀ yẹn gan-an tó ń dùn. Torí náà màá máa sọ bí ibẹ̀ ṣe rí nínú lọ́hùn-ún kí n tó sọ ohun tí a máa ṣe sí i, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ ni mò ń tà ní Ọjà Ọba, ọmọ ọdún 48 ni mí. Tí mo bá jí láàárọ̀ tí mo ní kí n sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, bí mo bá ṣe tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ báyìí, gìgísẹ̀ òsì mi á ta mí débi pé màá jókòó padà. Tí mo bá ti rìn díẹ̀ á rọlẹ̀, àmọ́ tó bá di alẹ́ tí mo ti dúró lọ́jà láti àárọ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo ya x-ray, wọ́n ní eegun kan ti hù sí i nísàlẹ̀, ẹ̀rù wá ń bà mí pé wọ́n máa là á. (Ìyá aláṣọ)

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ fọkàn balẹ̀, ọ̀rọ̀ yín ò tíì dé ibi iṣẹ́ abẹ rárá. Irú ìrora tó jẹ́ pé ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ ló le jù yìí wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ti lé ní ogójì ọdún, pàápàá àwọn tó ń dúró pẹ́ lórí sìmẹ́ńtì àti àwọn tí ara wọn ti wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Iṣan kan wà ní àtẹ́lẹsẹ̀, ó fẹ̀, ó nípọn, abẹ́ eegun gìgísẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó wá pín lọ sí ìdí ọmọ ìka márààrún, plantar fascia ni àwọn dókítà ń pè é. Ṣé ẹ rí i pé àárín ẹsẹ̀ èèyàn kì í lẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá, ó máa ń tẹ̀ sókè díẹ̀ lápá inú. Iṣan yìí ló dì í mú bẹ́ẹ̀, bí ọsán ṣe ń di ọrun ọdẹ mú tí kì í jẹ́ kó nà tán. Gbogbo ìgbà tí a bá fi ara lé ẹsẹ̀ ni iṣan yẹn ń nà, tí a bá gbé ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀ á sún padà, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́. Tó bá wá di pé nínà yẹn pọ̀ ju agbára ẹ̀ lọ fún ìgbà pípẹ́, ibi tó ti so mọ́ gìgísẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ya wẹ́wẹ́. Lóru, tí ẹ bá sùn, ọmọ ìka ẹsẹ̀ yín máa ń dojú kọ ìsàlẹ̀, iṣan náà á sún kì, á le, ẹ ó wá dìde láàárọ̀ ẹ ó gbé gbogbo ara yín lé e lójijì kó tó rọ̀. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé àárọ̀ ló ń burú jù.

Eegun tí wọ́n ní ó hù yẹn, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní in tí gìgísẹ̀ ò dùn wọ́n rí láyé wọn, àìmọye sì ni gìgísẹ̀ ń pa lẹ́kún tí x-ray wọn mọ́ tónítóní. Kì í ṣe òun la ń bá jà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe rèé. Kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ jókòó, ẹ gbé ẹsẹ̀ tó ń dùn yẹn lé orí itan kejì, ẹ fi ọwọ́ di ọmọ ìka ẹsẹ̀ mú, ẹ fà wọ́n sókè sọ́nà ojúgun títí àtẹ́lẹsẹ̀ á fi le, ẹ ka ẹní, èjì títí dé 10, ẹ tú u sílẹ̀, ẹ ṣe é nígbà 10. Ẹ tún un ṣe lọ́sàn-án àti lálẹ́. Èkejì ni ẹran ẹsẹ̀ tó wà lẹ́yìn ojúgun, torí tí ẹran yẹn bá ti le, á máa fa gìgísẹ̀ sókè, wàhálà á wá pọ̀ fún iṣan ìsàlẹ̀: ẹ dojú kọ ògiri, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tì í, ẹ fi ẹsẹ̀ tó ń dùn sẹ́yìn, kí orókún ẹ̀ nà, kí gìgísẹ̀ ẹ̀ má kúrò nílẹ̀, ẹ rọra tẹ̀ síwájú títí ẹ ó fi mọ̀ pé ẹran ẹ̀yìn yẹn ń nà, ẹ dúró bẹ́ẹ̀ fún ìdajì ìṣẹ́jú. Lálẹ́ ẹ mú ike omi tó ti dì nínú fírísà, ẹ tò ó sílẹ̀, ẹ máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ yí i síwájú sẹ́yìn. Sílípáàsì pẹlẹbẹ tí ẹ ń wọ̀ lọ sọ́jà yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ pààrọ̀ ẹ̀ sí bàtà tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ nípọn tí gìgísẹ̀ ẹ̀ sì ga díẹ̀, kẹ́ ẹ sì ní àga tí ẹ ó máa jókòó sí tí kò bá sí oníbàárà. Kì í lọ lọ́jọ́ kan o, ó lè gba oṣù mélòó kan, ó lè tó ọdún, àmọ́ púpọ̀ jù lọ nínú àwọn tó bá ṣe é déédéé ni kì í dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ. Ẹni tó bá sọ pé òun fẹ́ fi gìgísẹ̀ tirẹ̀ gun tiyín mọ́lẹ̀ kí ó lè "tú," ẹ dákun ẹ kọ̀ fún un. Tí ẹsẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kú tipiri, tàbí tó ń dùn yín lóru tí ẹ sùn sílẹ̀, tàbí tó jẹ́ pé ẹ ṣubú kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ rí dókítà.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n físíò, ẹ káàsán mà. Olùkọ́ báyọ́ wa sọ ní kíláàsì pé ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo eegun ara èèyàn ló wà nínú ẹsẹ̀, àwa ò gbà, a bá a jiyàn. Ṣé òótọ́ ni? Kí ló wá fẹ́ fi gbogbo eegun yẹn ṣe? (Akẹ́kọ̀ọ́ SS2, Òkè-Fìà)

Ìdáhùn: Ẹ lọ bẹ olùkọ́ yín, òótọ́ ló sọ. Eegun 206 ló wà lára àgbàlagbà, 26 wà nínú ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti ọrùn ẹsẹ̀ wálẹ̀, méjèèjì jẹ́ 52, ó tiẹ̀ lé díẹ̀ sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Bí wọ́n ṣe tò ni pé 7 wà lẹ́yìn àti láàárín, àwọn ni wọ́n tóbi, gìgísẹ̀ wà lára wọn, òun ló tóbi jù. 5 ló tẹ̀ lé wọn, tó gùn, tó lọ síwájú. Lẹ́yìn náà 14 ti ọmọ ìka, mẹ́ta mẹ́ta fún ọmọ ìka mẹ́rin, àtàǹpàkò ní méjì péré. Oríkèé tó wà láàárín gbogbo wọn tó 33.

Wá fi ọwọ́ kan ọrùn ẹsẹ̀ ẹ báyìí. Wàá rí kókó méjì, ọ̀kan nínú, ọ̀kan níta. Èyí tó wà nínú, ìparí eegun ojúgun ni. Èyí tó wà níta, ìparí eegun tẹ́ẹ́rẹ́ kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúgun ni, tóo bá wò ó dáadáa wàá rí i pé ti ìta yẹn wá sílẹ̀ ju ti inú lọ. Láàárín àwọn méjèèjì ni eegun kan tí wọ́n ń pè ní talus há sí, òun ló ń gba gbogbo ẹrù ara lọ́wọ́ ojúgun tó ń pín in fún gìgísẹ̀ àti iwájú ẹsẹ̀. Eegun yẹn máa ń yà mí lẹ́nu títí dòní, torí kò sí ẹran ara kankan tó so mọ́ ọn, ẹyọ kan kò sí, kerekere ló bo èyí tó pọ̀ jù lára ẹ̀, àwọn tó yí i ká ló ń ti í kiri. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ náà ò pọ̀, ìyẹn ló fi jẹ́ pé tó bá kán, ó máa ń pẹ́ kó tó jinná, apá kan ẹ̀ tiẹ̀ lè kú. Gbé ẹsẹ̀ sókè sódò: oríkèé talus àti ojúgun ló ń ṣe ìyẹn. Wá yí àtẹ́lẹsẹ̀ sínú àti síta: oríkèé mìíràn nìyẹn, tó wà nísàlẹ̀ talus, láàárín òun àti gìgísẹ̀. Èèyàn rò pé oríkèé kan ṣoṣo ni ọrùn ẹsẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè ẹ pé kí ló fẹ́ fi ṣe, òun ló dùn mọ́ mi jù. Ẹsẹ̀ ní iṣẹ́ méjì tó ta ko ara wọn. Tóo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e balẹ̀, ó gbọ́dọ̀ rọ̀, kó lè bá òkúta, kòtò, àti pàǹtí ojú ọ̀nà mu láì jẹ́ kóo ṣubú. Tóo bá wá fẹ́ gbéra, ó gbọ́dọ̀ le kó lè tì ẹ́ síwájú. Eegun kan gbọọrọ ò lè ṣe méjèèjì. Ọ̀pọ̀ eegun kéékèèké lè ṣe é, torí wọ́n lè tú díẹ̀, wọ́n sì lè fún mọ́ra. Dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Hicks ló ṣàlàyé ní ọdún 1954 bó ṣe ń fún mọ́ra: tí àtàǹpàkò bá tẹ̀ sókè nígbà tóo fẹ́ gbéra, iṣan àtẹ́lẹsẹ̀ tí mo sọ fún ìyá aláṣọ lẹ́ẹ̀kan á wé mọ́ ìdí àtàǹpàkò yẹn, á fa gìgísẹ̀ àti iwájú ẹsẹ̀ mọ́ra, àárín ẹsẹ̀ á ga sí i, á sì le. Dúró, jẹ́ kí ẹnì kan fi ọwọ́ gbé àtàǹpàkò ẹ sókè, wo àárín ẹsẹ̀ ẹ bó ṣe máa gbéra. Ṣe é níwájú kíláàsì.

Ohun kan tó kù, àtàǹpàkò wa dojú kọ iwájú pẹ̀lú àwọn tó kù, ti ọ̀bọ yà sọ́tọ̀ torí ó fi ń di ẹ̀ka igi mú. Ní Laetoli ní Tàǹsáníà, ipa ẹsẹ̀ wà nílẹ̀ níbẹ̀ tó ti tó ọdún mílíọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀, ikọ̀ Mary Leakey ló rí i ní 1978, àtàǹpàkò ibẹ̀ ti dojú kọ iwájú. Ó ti pẹ́ tí a ti ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn.

Ìbéèrè: Físíò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Sátidé tó kọjá la ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá ilé ìwé kan ní Òkè-Bàálẹ̀, mo fò sókè kí n fi orí kàn án, mo wá balẹ̀ sórí ẹsẹ̀ ọmọkùnrin kan, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi yí sínú, mo gbọ́ tó dún. Bọ̀ọ̀dá mi gbé mi lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń to eegun, wọ́n fà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n fi igi àti aṣọ dì í, wọ́n ní ó ti wọlé. Ó ti di ọjọ́ karùn-ún, ó wú, ó dúdú dé ọmọ ìka, mi ò lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Wọ́n ní kí n padà wá lọ́la kí wọ́n tún un fà. Ṣé kí n lọ? (Ọmọ ọdún 22)

Ìdáhùn: Rárá, àbúrò mi, má lọ. Tú igi yẹn lónìí, kóo sì lọ ya x-ray lónìí. Kóo tó ka èyí tó kù, fọwọ́ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ: tí wọ́n bá tutù, tàbí tóo fọwọ́ kàn wọ́n tí o ò mọ̀ ọ́n lára, tàbí tí ìrora ń pọ̀ sí i tó kọjá bó ṣe yẹ, gun ọ̀kadà, má dúró de kórópe, ọsibítù tààrà. Igi tí wọ́n dì le jù ti gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ èèyàn nílẹ̀ wa, ẹ̀jẹ̀ ò lè dé ìsàlẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ á wá kú. Mi ò bú àwọn bàbá wa tó ń to eegun, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ọwọ́ àti sùúrù tó dáa, àmọ́ ojú èèyàn ò lè ríran wọ inú ẹran, ẹnikẹ́ni ò sì yẹ kó fa ẹsẹ̀ tí a ò tíì mọ ohun tó ṣe é.

Ọ̀pọ̀ ìgbà tí ẹsẹ̀ bá rọ́, kò sí eegun tó jáde, kò sí ohun tó fẹ́ wọlé. Ohun tó máa ń ya ni àwọn okùn ara tó so eegun mọ́ eegun. Mẹ́ta ló wà níta ọrùn ẹsẹ̀, èyí tó wà níwájú nínú wọn, tó so eegun ìta mọ́ talus, òun ni kì í lágbára tó, òun ló máa ń kọ́kọ́ já. Ti inú fẹ̀, ó lágbára púpọ̀, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ sábà máa ń yí sínú, kì í fi bẹ́ẹ̀ yí síta. Ohun kejì ni pé talus fẹ̀ níwájú ju ẹ̀yìn lọ. Tí ọmọ ìka bá dojú kọ ìsàlẹ̀, bó ṣe máa ń rí tí èèyàn bá ń bọ̀ láti òkè, apá tó tẹ́ẹ́rẹ́ ló máa wà láàárín kókó méjèèjì, ọrùn ẹsẹ̀ á wá tú. Ohun kan náà ló ń rọ́ ẹsẹ̀ àwọn obìnrin wa tó ń wọ bàtà gogoro lọ òde ìnáwó. Nígbà tí wọ́n wá fa okùn tó ti ya, yíya náà ló tún fà gùn sí i, ẹ̀jẹ̀ tó dúdú tóo rí yẹn ló ṣàn wá sísàlẹ̀.

Báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ bóyá ó nílò x-ray? Àwọn dókítà ní Ottawa ní Kánádà gbé ìlànà kan jáde ní 1992 tí gbogbo ayé ń lò báyìí. Tóo bá lè rin ìgbésẹ̀ mẹ́rin, kódà kóo máa tiro, tí kò sì dùn ẹ́ nígbà tí wọ́n tẹ ẹ̀yìn àti ìsàlẹ̀ kókó méjèèjì, sẹ̀ǹtímítà 6 láti ìparí wọn lọ sókè, tí kò dùn ẹ́ ní ìdí eegun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ níta, èyí tó lọ sí ìka kékeré, tàbí ní eegun àárín ẹsẹ̀ lápá inú, ó ṣeé ṣe gan-an kí eegun má kán. Ìwọ ò lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ rárá lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, torí náà x-ray ò ní àríyànjiyàn.

Fún àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́ ọ: ọjọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ fi aṣọ wé áìsì, ẹ gbé e lé e fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, lẹ́ẹ̀melòó kan lójúmọ́, ẹ fi báńdéèjì dì í kó má le jù, ẹ gbé ẹsẹ̀ sórí ìrọ̀rí kó ga ju àyà lọ. Omi gbígbóná, ìfọwọ́ra, fífà, ọtí, gbogbo ẹ̀ ẹ fi sílẹ̀ ná. Tó bá ti rọ̀ díẹ̀ tí x-ray sì ní kò kán, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ẹ má fi pamọ́ títí á fi gan. Ohun tí àwọn ọmọ bọ́ọ̀lù kì í ṣe tó máa ń jẹ́ kó tún rọ́ ni pé wọn kì í kọ́ ọ bí á ṣe dúró: ẹ dúró lórí ẹsẹ̀ yẹn nìkan bí ẹ ṣe ń fọ eyín láàárọ̀, tó bá rọrùn, ẹ pa ojú dé. Okùn yẹn kì í ṣe okùn lásán, ó ń sọ fún ọpọlọ ibi tí ẹsẹ̀ wà, tó bá ti ya, ìròyìn yẹn á dojú rú, àfi kí a tún un kọ́.

Ẹ̀yin bàbá tó ń gbá bọ́ọ̀lù ìdárayá láàárọ̀ Sátidé, ẹ gbọ́ èyí náà o. Tí ẹ bá ń sáré tí nǹkan dún lẹ́yìn ẹsẹ̀ lókè gìgísẹ̀, tí ẹ yíjú kí ẹ wo ẹni tó ta yín nípàá tí ẹ ò rí ẹnì kankan, iṣan Achilles ló ṣeé ṣe kó já, òun ló nípọn jù tó sì lágbára jù nínú gbogbo irú iṣan bẹ́ẹ̀ lára. Ẹ da ojú bolẹ̀, kí ẹnì kan fún ẹran ẹ̀yìn ojúgun yín: tí àtẹ́lẹsẹ̀ ò bá mi rárá, ọ̀dọ̀ dókítà eegun ni lọ́jọ́ náà.

Ìbéèrè: Ọmọ mi ọdún mẹ́ta, àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ pẹlẹbẹ, kò ní ihò láàárín. Wọ́n ní kí n ra bàtà onírin fún un. (Ìyá ìbejì, Ayétòrò)

Ìdáhùn: Ẹ fi owó yẹn pamọ́. Ọ̀rá ló kún ibẹ̀ nínú ẹsẹ̀ ọmọdé, okùn eegun wọn sì tún rọ̀, bí wọ́n ṣe ń dàgbà ni àárín ẹsẹ̀ ń yọ, ó lè di ọdún mẹ́fà sí mẹ́wàá. Ẹ ní kó dúró lórí ọmọ ìka, tí àárín bá yọ, kò sí wàhálà. Ẹ jẹ́ kó máa fi ẹsẹ̀ lásán ṣeré nínú ilé. Tó bá ń dùn ún tàbí tí ẹsẹ̀ náà gan tí kò ṣeé yí, nígbà yẹn ẹ gbé e wá.

Ìbéèrè: Bàbá mi ní ìtọ̀ ṣúgà láti bí ọdún 11. Wọ́n ní àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn ti ń kú, àwọn ò mọ̀ tí ilẹ̀ bá gbóná. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo rí ìṣó kan nínú bàtà wọn, ó ti gún wọn lẹ́sẹ̀, wọn ò mọ̀! Wọ́n wá ní ní ọdún Ọ̀ṣun lóṣù kẹjọ àwọn máa bá èrò tẹ̀ lé Arugbá láti Ààfin dé Ojúbọ, láìwọ bàtà bí àwọn ṣe máa ń ṣe é. Ẹ bá mi dá wọn lẹ́kun. (Ọmọ wọn obìnrin, Òkè-Ìjẹ̀tù)

Ìdáhùn: Ọmọ dáadáa ni yín. Ẹ gbé bàbá lọ sí ọsibítù ní tìtorí ìṣó yẹn ná, kódà kó jẹ́ pé ojú ẹ̀ ti dí, torí inú ló máa ń jẹrà, wọ́n sì máa wò ó bóyá wọ́n nílò abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì.

Ìrora ni olùṣọ́ ẹsẹ̀. Tí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún púpọ̀, á ba àwọn iṣan tó ń gbé ìròyìn láti ẹsẹ̀ lọ sí ọpọlọ jẹ́, ti ọmọ ìka ló sì máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ torí àwọn ló gùn jù. Á tún ba ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ jẹ́, kí egbò máa pẹ́ kó tó jinná. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn á tiro, á gbé ẹrù kúrò lórí egbò. Bàbá ò ní tiro, wọ́n á máa rìn lórí egbò yẹn lọ. Bí ẹsẹ̀ ṣe ń di gígé nìyẹn, ìdí tí mo fi ń pariwo ọ̀rọ̀ yìí kiri nìyẹn.

Lálaalẹ́ kí ẹnì kan nínú ilé wo àtẹ́lẹsẹ̀ wọn àti àárín ọmọ ìka pẹ̀lú iná tó mọ́lẹ̀, ẹ má ní kí wọ́n wò ó fúnra wọn torí ojú náà lè má ríran dáadáa mọ́. Kí wọ́n tó wọ bàtà, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Omi ìwẹ̀, ẹ̀yin ni kí ẹ fi ìgunpá dán an wò. Ẹ nu àárín ọmọ ìka gbẹ, ọ̀rí tàbí básílíìnì lè lọ sí gìgísẹ̀ nígbà ọyẹ́ kó má baà sán, àmọ́ kì í wọ àárín ọmọ ìka. Èékánná, ẹ gé e gbọọrọ, ẹ má gé igun ẹ̀ wọlé. Kò sí abẹ lórí awọ tó le. Ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì fi okùn ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń lò kan àtẹ́lẹsẹ̀ wọn, kí wọ́n mọ ibi tí wọ́n ṣì ń mọ̀ lára àti ibi tí wọn ò mọ̀ mọ́.

Ti ọdún Ọ̀ṣun, mi ò ní sọ pé kí bàbá má lọ, ọdún wọn ni, ìlú wọn ni. Àmọ́ ọ̀nà yẹn jìn, ọ̀dà títì tó gbóná lóòrùn, òkúta, àfọ́kù ìgò, kò sí èyí tí wọ́n máa mọ̀ lára. Kí wọ́n wọ bàtà tó bo ọmọ ìka pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀, kó jẹ́ èyí tí wọ́n ti wọ̀ dáadáa ṣáájú, kì í ṣe tuntun ọjọ́ ọdún. Tí wọ́n bá ní láìwọ bàtà ni dandan, kí ẹ fi mọ́tò gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà igbó.

Ìbéèrè: Mo bí ọmọkùnrin ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì yí sínú, àtẹ́lẹsẹ̀ ń wo ara wọn. Ìyá ọkọ mi ní torí mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà nínú oyún ni, wọ́n ń fi àdí wọ́ ọ láàárọ̀ lálẹ́. Mi ò lè jẹun mọ́. (Ìyá ọmọ tuntun)

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu ọmọ, Ọlọ́run á wò ó. Kì í ṣe ẹnu ọ̀nà, kì í ṣe oúnjẹ tí ẹ jẹ, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ yín. Nínú bí ọmọ 1,000 tí wọ́n bí, ọ̀kan máa ń rí bẹ́ẹ̀, ọkùnrin pọ̀ tó ìlọ́po méjì obìnrin, nínú bí ìdajì wọn ẹsẹ̀ méjèèjì ló ń kàn. Inú oyún ni ẹsẹ̀ ti yí, iṣan ẹ̀yìn àti ti inú kúrú, talus àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ò jókòó sí àyè wọn. Àdí ò ní pa á lára, àmọ́ kò lè mú kí ẹsẹ̀ ẹ̀ gún.

Ìròyìn ayọ̀ wà. Dókítà kan, Ignacio Ponseti, ọmọ ilẹ̀ Spéènì tó ṣiṣẹ́ ní Iowa ní Amẹ́ríkà, ló rí ọ̀nà tí kò nílò iṣẹ́ abẹ ńlá. Eegun ọmọ yín ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kerekere, ó ṣeé rọra tún ṣe, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sígbà yìí ló dáa jù. Wọ́n á rọra gbé ẹsẹ̀ lọ sí ibi tó yẹ, wọ́n á fi POP (ẹfun tí wọ́n ń pò mọ́ omi tó máa ń le gbagidi) dì í láti ọmọ ìka dé itan, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n á tú u tí wọ́n á tún sún un díẹ̀ sí i, ó sábà máa ń gba bí POP márùn-ún sí méje. Lọ́pọ̀ ìgbà wọ́n máa gé iṣan gìgísẹ̀ kí gìgísẹ̀ lè sọ̀kalẹ̀, gígé kékeré ni, ó máa hù padà, POP ìkẹyìn á wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn ni bàtà méjì tí wọ́n fi irin so pọ̀: wákàtí 23 lójúmọ́ fún oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà tó bá ń sùn nìkan, títí á fi pé ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ibi bàtà yìí ni àwọn òbí máa ń kù sí, ẹsẹ̀ ti gún, wọ́n á ní kí wọ́n ṣàánú ọmọ, wọ́n á bọ́ ọ, ẹsẹ̀ á sì padà. Ẹ má bọ́ ọ.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè yìí, ẹ lọ bèèrè ẹ̀ka dókítà eegun ní ọsibítù ìkọ́ṣẹ́, ti UNIOSUN wà níbí, OAUTHC sì wà ní Ilé-Ifẹ̀. Ẹ mú ìyá ọkọ yín dání, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà. Ẹ tún sọ fún wọn pé Mia Hamm, obìnrin tó gba Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé bọ́ọ̀lù obìnrin fún Amẹ́ríkà ní 1991 àti 1999, irú ẹsẹ̀ yìí ni wọ́n fi bí i.

Ìbéèrè: Télọ̀ ni mí ní Alékúwodò. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ọrùn ẹsẹ̀ mi méjèèjì máa ń wú, tó bá di àárọ̀ á ti lọ. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Jíjókòó pẹ́ ni mo kọ́kọ́ máa fura sí. Ọkàn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ wá sísàlẹ̀, ẹran ẹ̀yìn ojúgun ló ń fún un padà sókè nígbàkigbà tí a bá rìn. Tí ẹ bá jókòó sídìí ẹ̀rọ láti àárọ̀, omi á dúró sísàlẹ̀. Ẹ máa dìde ní gbogbo bí ìdajì wákàtí, ẹ rìn yí ṣọ́ọ̀bù ká, tí iṣẹ́ bá sì pọ̀, ẹ máa gbé gìgísẹ̀ sókè sódò níbi tí ẹ jókòó sí. Lálẹ́ ẹ gbé ẹsẹ̀ sórí ìrọ̀rí. Tí ẹ bá ń lo Amlodipine fún ẹ̀jẹ̀ ríru, òun náà máa ń wú ọrùn ẹsẹ̀, ẹ sọ fún dókítà, ẹ má dá a dúró fúnra yín. Tí wíwú náà ò bá lọ mọ́ láàárọ̀, tàbí tó ń le yín láti mí, tàbí tí ojú náà ń wú, ẹ lọ yẹ ọkàn àti kíndìnrín wò. Aláboyún tí ẹsẹ̀ ẹ̀ wú tí orí sì ń fọ́ ọ tàbí tí ojú ẹ̀ ń ṣú, kó má dúró di ọjọ́ clinic. Tó bá wá jẹ́ pé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wú lójijì, tó gbóná, tí ẹran ẹ̀yìn ojúgun ń dùn, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì síbẹ̀, ó sì lè rìn lọ sí ẹ̀dọ̀fóró: ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ wọ́ ọ, ẹ wá ọkọ̀ lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀.